Àmì Ìdílé Wa Lórí Ìwé Tí Mo Kà

"Máísárà, kà á fún mi. Ojú mi ń ríran, àmọ́ lẹ́tà tuntun yìí ò yé mi."

Gáínúlà, bàbá bàbá mi, ló sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà Lárúbáwá ni àwọn àgbà abúlé wa ń kà bí ẹní mumi. Ìgbà tí ìjọba yí lẹ́tà padà, òpè ni wọ́n dà lójijì. Àwa ọmọ iléèwé nìkan ló lè ka ti tuntun.

Ohun tó wà nínú ìwé tí mo mú wá bá a ni pé àwa ará abúlé fẹ́ kí ìjọba ti mọ́sálásí wa pa, kí wọ́n sì gé ilé gogoro ládàánì kúrò lórí rẹ̀. Olùkọ́ Nùrímán ló fún mi. "Sọ pé títún òrùlé ṣe ni," ó wí. "Bí ogójì ilé bá fọwọ́ sí i, o ti wọ iléèwé olùkọ́ ní Kàsán, olú ìlú wa, nìyẹn." Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Kò sí ohun mìíràn tí mo ń fẹ́ láyé.

"Wọ́n fẹ́ tún òrùlé mọ́sálásí ṣe ni, Bàbá."

Ojú rẹ̀ tàn. "Ó ti pẹ́ jù. Bàbá bàbá mi wà lára àwọn tó kọ́ ọ. Igi páìnì ni gbogbo rẹ̀, wọn ò kan ìṣó kan. Àárín òrùlé ni ilé gogoro yẹn ti yọ, orí ìtì igi méjì ló jókòó lé. Bí omi bá mú ìtì yẹn rà, ó parí."

Ó fa àmì ìdílé wa sórí ìwé, èyí tó dà bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, tí a máa ń fi sí itan ẹṣin wa.

Mo kọjá sílé Bàbá Síyádínì, aládùúgbò wa, mo sì tún irọ́ náà pa. "Mú un wá," ó wí. "Òrùlé yẹn ń jò, ó ti fẹ́ sọ mí dẹja lórí ìrun."

Báyìí ni mo ṣe gba àmì ogójì ilé. Kí oṣù tó pé, ọkùnrin mẹ́ta dé pẹ̀lú ayùn. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. "Ta ló rán yín?"

"Ẹ̀yin náà ni." Wọ́n na ìwé sí i. Kò lè kà á, àmọ́ ó dá àmì rẹ̀ mọ̀. Ó yíjú wò mí.

Mo sáré lọ bá olùkọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn pé mo purọ́."

"Ìwé ti dé Kàsán kó tó padà síbí. Èmi gan-an ò lè fà á padà mọ́."

Wọ́n gé ilé gogoro náà látinú òrùlé, wọ́n fi okùn fà á, ó sì wó sínú yìnyín. Àwọn àgbà dúró, wọ́n ń wò.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, nídìí tíì, Bàbá bi mí pé, "Ṣé wọ́n ti gbà ọ́ síléèwé olùkọ́ tí ò ń fẹ́ náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kàwé dáadáa." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ títí mo fi kúrò nílé, n kò sì tún fojú kàn án mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kàwé fún àgbà, ojú wọn ló wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má tà á. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Kò tó oṣù kan tó fi bá tèmi, àmọ́ kò lè gbé igi tó ti wó dìde.