Ẹni Tó Wá Ka Akẹ́kọ̀ọ́ Ní Ìminì

Orí tábìlì ni Akínwándé ti kọ́kọ́ rí Dorothy. Òkúta ló fi ń kan ìṣó mọ́ fèrèsé kíláàsì, ìṣó méjì mìíràn wà láàárín ètè rẹ̀, ẹfun ìkọ̀wé sì wà ní imú rẹ̀. Akínwándé gbàgbé ohun tó bá wá.

"Ẹ káàárọ̀, Mìsì. Ṣé kí n bá yín kàn án?"

Dorothy yọ ìṣó lẹ́nu. "Ẹ̀yin tí ẹ wọ táì? Ẹ kàn bá mi di tábìlì mú."

Ọdún 1978 ni, ní Ìminì. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Ìbàdàn ló rán Akínwándé wá ṣèwádìí. Wọ́n ń rọ ìjọba pé kí wọ́n fa ilé ìwé lé àwọn aládàáni lọ́wọ́, kí òbí máa yan èyí tó wù wọ́n bí ẹni ń yan aṣọ, kí èyí tí kò bá ní èrò sì kógbá sílé. Akínwándé gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

"Ilé ìwé kan ṣoṣo ló wà ní Ìminì," Dorothy wí. "Kí ni ká wá yàn níbẹ̀?"

Akínwándé rẹ́rìn-ín. Ó ka àwọn akẹ́kọ̀ọ́: mẹ́tàdínlógún. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó dágbére.

Ká sọ tòótọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni fọ́ọ̀mù rẹ̀ ti kún. Síbẹ̀, gbogbo Sátidé ni ọ̀gbẹ́ni yìí ń wọ mọ́tò láti Ìbàdàn wá, pé ó ku ìbéèrè kan. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn.

"Èwo ló tún kù, Akin?"

"Ṣé o ti jẹun?"

Nígbà tí ìwé ìwádìí náà jáde, tayọ̀tayọ̀ ló fi gbé e wá, láì tíì kà á tán, fún bàbá Dorothy, Díákónì Ọládipọ̀, lọ́jọ́ tó fẹ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Bàbá ka ewé kẹta, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Mẹ́tàdínlógún? Kí wọ́n ti ilé ìwé wa pa? Ọjọ́ wo lo kà wọ́n?"

Akínwándé dárúkọ ọjọ́ náà.

"Ọjọ́ ọjà Ìlọràá ni," Dorothy wí jẹ́ẹ́. "Àwọn yòókù ti ru iṣu tẹ̀lé ìyá wọn. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ni wọ́n. Mi ò sọ fún ọ, mo rò pé kò sẹ́ni tí kò mọ ọjọ́ ọjà." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Akin, mo fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n mi ò lè fẹ́ ẹni tó fọwọ́ ara ẹ̀ ti ilé ìwé yìí pa."

Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Ìbàdàn ní kó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, pé ìwé ti dọ́dọ̀ ìjọba, àṣìṣe kan á ba gbogbo iṣẹ́ àwọn jẹ́. Akínwándé kò gbà. Ó kọ lẹ́tà sí ìjọba pé òun lòun ṣì í kà, ó sì buwọ́ lù ú. Wọ́n yọ Ìminì kúrò nínú àwọn tí wọ́n fẹ́ tì. Ẹgbẹ́ náà sì yọ Akínwándé níṣẹ́.

Odindi oṣù kan ni kò fi yọjú, àfi ìgbà tí Díákónì ránṣẹ́ pè é.

"Ojú ló ń tì mí, sà. Mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́."

"Iṣẹ́ á wá," ni bàbá dáhùn. "Mo ti rí ọ̀mọ̀wé púpọ̀. Mi ò tíì rí èyí tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ṣàṣìṣe, tó tún buwọ́ lù ú." Ó dìde, ó wọ yàrá lọ.

Inú Dorothy, tó jókòó tì wọ́n, dùn gan-an. Ó sún mọ́ Akínwándé lórí bẹ́ǹṣì.

"Ìgbà wo làwọn ẹbí rẹ ń bọ̀ wá tọrọ mi?"

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tí o bá fẹ́."

"Mo fẹ́," Dorothy wí, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.