Ta Ló Fi Àmì Sí I?

"Dákẹ́ ná, ẹnìkan ń bọ̀."

Ohùn màmá àgbà ni mo gbọ́ látẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo dúró. Nǹkan kan dún wàrà nínú yàrá bí bébà. Nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn wọlé, àǹtí tó ń tún yàrá ṣe ti dìde kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì màmá àgbà, ó ń na aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì tí kò sí ibì kankan tó wú lára rẹ̀. Màmá àgbà ní tirẹ̀ ń wo òkun lójú fèrèsé bí ẹni tí wọ́n ní kó ka ìgbì.

"Ẹ káàsán mà," ni àǹtí náà kí mi, ó sì gbé korobá rẹ̀ jáde.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí. Òun á ti lé ní ọgbọ̀n. Ṣùgbọ́n òfin ilé ìgbafẹ́ náà ni pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ pe àlejò ní "ìwọ", ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti fi èyí di ìjòyè. Bí wọ́n bá ti ní "Ẹ káàárọ̀ mà," á gbé àgbọ̀n sókè, á ní, "Káàárọ̀ o, ṣé dáadáa lo jí?" títí màmá mi á fi fi ojú bá a wí.

"Kí lẹ̀ ń bá àǹtí yẹn sọ, màmá?" mo bi màmá àgbà.

"Oòrùn," ó ní. "A ní ó mú."

Oòrùn wo ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́? Mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Etí mi ló máa ń ṣiṣẹ́.

Ilé ìwòsàn tí màmá mi ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ló fi ọ̀sẹ̀ kan ní erékùṣù náà ta á lọ́rẹ, nítorí ogún ọdún tó ti fi ṣiṣẹ́. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la wọ ọkọ̀ ojú omi lọ. Yàrá wa funfun, yanrìn dé ẹnu ọ̀nà, igi àgbọn sì ń fi ewé gbá òrùlé bí ẹni ń gbálẹ̀. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀. Lọ́jọ́ tí a dé, ó há mọ́ màmá mi sínú, ó sì pariwo títí káfíńtà fi wá tú u sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni màmá mi ti fi bàtà rẹ̀ kan há ilẹ̀kùn náà mọ́ ògiri, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tì í mọ́. Aṣọ ìkélé la ń fà bí a bá fẹ́ wẹ̀.

Ní ibi tí wọ́n ti ń gba àlejò, ìwé ńlá kan wà tí àwọn tó ń lọ máa ń kọ bí wọ́n ṣe gbádùn síbẹ̀ sí. Mo kà á tán láàárín ọjọ́ méjì. Ẹnìkan kọ ọ́ pé òun sùn títí òun fi gbàgbé orúkọ ọ̀gá òun. Obìnrin kan ní àwọn ẹja tí òun rí nínú omi gbọ́ràn ju ọkọ òun lọ. Ṣùgbọ́n ẹnìkan kọ báyìí: "Bàtà ọmọ mi sọnù. N kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni." Bí kò bá fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, kí ló dé tó fa ìlà méjì sí i nídìí?

Mo fi èyí han ọmọbìnrin tó wà ní yàrá kejì sí tiwa. Ẹgbẹ́ mi ni. Rédíò ni mo sọ ọ́ nínú ọkàn mi, nítorí n kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń pa á.

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀!" ó ní. "Ṣé o ti ń ṣọ́ obìnrin tó ń tún yàrá wa ṣe yẹn? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ń lò ní tiwa. Ní tiyín, ó ń lò tó ìdajì wákàtí. Kí ló ń wá? Ìfura loògùn àgbà o."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ àǹtí náà. Mo ń wo aago bó bá wọlé, mo ń wò ó bó bá jáde. Mo ń wo àpò épúrọ́ọ̀nù rẹ̀ bóyá ó wú ju bó ṣe rí lọ. Ẹ̀rín rẹ̀ pàápàá, mo ń wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ibi tí a ti ń jẹ búrẹ́dì àti ẹyin ni màmá àgbà ti gbé ọwọ́ sí ọrùn. Ọwọ́ náà dúró síbẹ̀.

"Ìlẹ̀kẹ̀ mi dà?"

Ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ojú ọ̀run ni. Bàbá àgbà, tó jẹ́ télọ̀, ló fi òwú ìránṣọ sín in fún un kó tó kú. Bó bá ń wẹ̀ nìkan ni màmá àgbà ń bọ́ ọ.

"Sáré lọ wò ó fún mi nílé ìwẹ̀," ó ní.

Nígbà tí mo dé yàrá, wọ́n ti tún un ṣe. Mo wo ojú fèrèsé ilé ìwẹ̀, mo wo eteetí agbada ìfọwọ́, mo dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sí. Àmọ́ lórí ìrọ̀rí màmá àgbà, mo rí bébà ọṣẹ kan tí wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà kọ ọ̀rọ̀ sí i:

MO RI ILEKE MAMA NINU ASO INURA. MO TI KO O. E MA SO O.

Kò sí àmì lórí rẹ̀, kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni tíṣà Yorùbá wa máa ń pè síwájú pátákó pé kí n wá fi àmì sí ọ̀rọ̀. Ojú mi kò tilẹ̀ dúró. Mo kà á ṣàkó: "Mo ti kó o. Ẹ má sọ ọ́."

Mo padà lọ sọ fún màmá àgbà pé n kò rí i. N kò mẹ́nu ba bébà náà. Ó ní, "Á jáde, ibo ni yóò gbà?" Wọ́n fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ wo ẹja. Mo ní orí ń fọ́ mi, mo dúró sílé.

Wọn kò tíì rìn jìnnà tí Rédíò fi dé. Ó ka bébà náà, ó pàtẹ́wọ́.

"Ó kó o! Ó tún ní kí màmá má sọ!"

"Ṣùgbọ́n olè wo ló ń kọ lẹ́tà sílẹ̀?"

"Olè tó mọ̀ pé àgbàlagbà máa ń gbàgbé nǹkan. Ó ti fi ẹnu dídùn gba ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́ wọn ni. Àbí kí ni wọ́n ń sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ látọjọ́ yìí? Gbé e lọ fún máníjà. Àmọ́ fi àmì sí i kí ó lè hàn dáadáa. Ìwọ ṣáà mọ̀ ọ́n."

Mo lè dúró de màmá àgbà. Wákàtí mẹ́rin péré ni. N kò dúró. Mo mú bírò, mo fi àmì sí orí kó, mo fi sí orí má, mo fi àmì kínńkín sábẹ́ sọ. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n rárá. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn títí dòní.

Máníjà ka bébà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó nu ojú rẹ̀, ó ní kí wọ́n pe àǹtí náà wá. Ó wọlé pẹ̀lú ọwọ́ tútù.

"Ìwọ lo kọ èyí?"

Ó wo bébà. Ó wò mí. Ó kúnlẹ̀.

"Èmi ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, n kò ní ṣe é mọ́."

"Ṣé o mọ òfin?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Lọ di ẹrù rẹ. Ọkọ̀ aago méjì ni wàá bá lọ. Èmi fúnra mi ni màá yẹ ẹrù náà wò létí omi."

Bó ṣe ń dìde, ó tún wo bébà náà bí ẹni tó rí ọmọ ara rẹ̀ nínú aṣọ ẹlòmíràn. Ó jáde.

Ọ̀rọ̀ ti yanjú, àbí? Ó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Kí ló wá dé tí mo tún lọ ń wá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì?

Ó ku díẹ̀ kí aago méjì lù nígbà tí màmá àgbà nìkan wọlé, iyọ̀ òkun ti gbẹ sí i lẹ́sẹ̀; màmá mi àti àbúrò mi ti yà síbi oúnjẹ. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fa ìwé kan jáde láti abẹ́ ìrọ̀rí.

"Akẹ́kọ̀ọ́ mi kò tíì dé ni?"

"Akẹ́kọ̀ọ́ wo, màmá?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, màá sọ fún ọ, ṣùgbọ́n mú ẹnu rẹ dání. Àǹtí tó ń tún yàrá ṣe yẹn ni. Ọdún kan péré ló lò níléèwé. Ojú ń tì í, wọn ò sì fẹ́ kí òṣìṣẹ́ jókòó ní yàrá àlejò, la fi ń ṣe é ní ìdákọ́ńkọ́. Tíṣà kì í fẹ̀yìn tì, ọmọ mi. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin ó ti ń kọ ọ̀rọ̀! Àmì ohùn ló kù. Òní la fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

N kò lè gbé ojú sókè. Mo sáré wọ ilé ìwẹ̀. Mo fẹ́ sunkún níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí mi, nítorí náà mo fi ẹsẹ̀ gbá bàtà màmá mi kúrò, mo ti ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà, tí a fi bàtà há mọ́ ògiri láti ọjọ́ tí a dé, ìkọ́ kan wà tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́; ẹni tó ń tún yàrá ṣe nìkan ló lè mọ̀ ọ́n. Ìlẹ̀kẹ̀ màmá àgbà ń mì lórí rẹ̀.

Mo ti kọ́ ọ. Kì í ṣe kó. Kọ́.

Ilẹ̀kùn kò há mọ́ mi. Àbá kan wá sọ́kàn mi bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí mi létí: fi í sínú báàgì màmá rẹ, sọ pé ibẹ̀ lo ti rí i, ọkọ̀ á ti lọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo di ìlẹ̀kẹ̀ náà mú. Mo gbọ́ tí ẹ̀rọ ọkọ̀ ń dún létí omi.

"Màmá!" mo kígbe. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ bá mi ká lọ!"

N kò mọ bí màmá àgbà ṣe sáré lórí yanrìn yẹn. Nígbà tí a dé ibi tí ọkọ̀ ń gbé gúnlẹ̀, máníjà ti tú báàgì àǹtí náà sórí pákó: aṣọ méjì, òòyà, ìwé kan tí wọ́n kọ a, b, d kún inú rẹ̀. Àwọn àlejò dúró, wọ́n ń wò. Rédíò wà láàárín wọn.

"Ìlẹ̀kẹ̀ mi rèé," ni màmá àgbà wí. "Kí lẹ̀ ń wá nínú ẹrù rẹ̀?"

Máníjà na bébà ọṣẹ náà sí i. Màmá àgbà gbé dígí sójú. Ó kà á. Ó tún un kà.

"Mi ò tíì kọ́ ọ ní àmì," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ta ló fi àmì sí i?"

Omi ń gbá pákó. Rédíò ń wò mí, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀: má sọ. Bí mo bá dákẹ́, ẹ̀bi á wà lọ́rùn ẹni tó ti wà tẹ́lẹ̀.

"Èmi ni, màmá. Èmi ni mo fi sí i."

Màmá àgbà kò wò mí. Ó kọjú sí máníjà. "Ohun tí obìnrin yìí kọ nìyí: 'Mo ti kọ́ ọ. Ẹ máa ṣọ́ ọ.' Òwú ìlẹ̀kẹ̀ mi ti gbó. Ó rí i, ó ní kí n máa ṣọ́ ọ kó má baà já."

"Kí ló wá dé tí o ní o ò ní ṣe é mọ́?" máníjà bi àǹtí náà.

"Mo rò pé torí pé mo ń jókòó kàwé ní yàrá àlejò ni, sà."

Máníjà nu ojú, ó tún un nù. "Èmi náà kò béèrè," ó ní. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń kó aṣọ obìnrin náà padà sínú báàgì fúnra rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ síwájú àǹtí náà. Kò sọ pé kò sí wàhálà. Ó ní, "Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ń kí yín láàárọ̀. Ẹ ò lè bi mí ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan?"

Lójú ọ̀nà, mo sọ fún màmá àgbà pé wọ́n ṣáà ní ìfura loògùn àgbà.

"Oògùn àgbà ni wọ́n pè é," ó ní. "Ọmọdé tó bá gbé e mu láìbéèrè ìwọ̀n, inú ẹlòmíràn ló máa run."

Àǹtí náà padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò tún yàrá wa ṣe mọ́. Òun ló bẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Máníjà yọ̀ǹda wákàtí kan fún un lójoojúmọ́, abẹ́ igi àgbọn ni màmá àgbà sì ti ń kọ́ ọ, lójú gbogbo ayé. Ó fi mí jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ kejì. Èmi tí mo mọ gbogbo àmì tán!

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ lọ, wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé àlejò. Mo di bírò mú, n kò lè kọ. Àǹtí náà ń nu tábìlì nítòsí.

"Àǹtí," mo ní, "ṣé ẹ fẹ́ kí n kọ ohun tí mo ṣe síbẹ̀? Àbí kí n dákẹ́ ẹ̀?"

Ó gba bírò lọ́wọ́ mi. Ó fa bébà ọṣẹ kan yọ nínú àpò, ó kọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: E MA SO O. Lẹ́yìn náà ó yọ ahọ́n síta díẹ̀ bí ẹni tó ń ti okùn bọ ojú abẹ́rẹ́, ó fi a kan há àárín, ó sì ń fi àmì síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan:

Ẹ máa sọ ọ́.

Ìyẹn ni mo fi ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí kò bá yé wa, ẹni tó sọ ọ́ ló yẹ ká lọ bi, kí a tó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí ìfura bá gba bírò, ibi tó ti wù ú tẹ́lẹ̀ ló máa fi àmì sí.