Nọ́ọ̀tì Kan Tó Dẹ̀

Orí àga ni Morọ́lá dúró sí nígbà tí Olúbọ̀wálé kọ́kọ́ rí i, lójú fèrèsé òkè ilé tó dojú kọ tirẹ̀ ní Òkòtá. Ó na eriali inú ilé síta, fìlà ìsùn ṣì wà lórí rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì ń pariwo láti inú pálọ̀.

“Ibẹ̀ yẹn! Má mira! Áà, ó tún ti lọ.”

Olúbọ̀wálé, tó ń so eriali àti díìṣì káàkiri Ìsọlọ̀, bú sẹ́rìn-ín.

“Àǹtí, ṣé ẹ̀yin gan-an lẹ ti di òpó ni?”

“Dípò kí ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ wá gbà á lọ́wọ́ mi.”

Ó wá. Olùkọ́ ni Morọ́lá. Ó ní àwọn ti ṣíwọ́ sísan owó oṣù kébù tẹlifíṣọ̀n. Díìṣì tí kì í gbowó oṣù ló wu òun, torí ìkànnì rẹ̀ pọ̀.

“Kí ni Bàbá fẹ́ràn láti máa wò?”

“Ìròyìn Yorùbá,” bàbá náà dáhùn. “Àti àwọn ọmọ kíláàsì Morọ́lá. Wọ́n á kọrin lórí tẹlifíṣọ̀n láìpẹ́, òun ló ń darí wọn. Ojú mi ń lọ, ọmọ mi. Mo fẹ́ rí ìyẹn kó tó lọ tán.”

“Ẹ fi díìṣì sílẹ̀, sà. Ìkànnì òkèèrè ló pọ̀ jù lórí ẹ̀. Eriali ìta lórí páìpù gíga ló máa mú àwọn tó wà nítòsí wálé.”

Ó gun òrùlé, ó ń yí eriali náà díẹ̀díẹ̀ títí àwòrán fi mọ́ kedere. Morọ́lá yọjú lójú fèrèsé, ó rẹ́rìn-ín sí i. Ọwọ́ Olúbọ̀wálé dúró lórí nọ́ọ̀tì ìkẹyìn tó di eriali mọ́ páìpù. Bí ó bá fún un pinpin, kí ló máa tún gbé òun wá? Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí atẹ́gùn bá ti fẹ́, eriali á yí, Morọ́lá á pè é.

“Bọ̀wálé, eriali rẹ yìí mà ń ṣàìsàn jù.”

“Ó fẹ́ràn ilé yín ni.”

“Eriali ni, àbí ẹni tó gbé e?”

“Bi í léèrè, olólùfẹ́ mi. Èmi ò lè purọ́ mọ́ ọn.”

Ìfẹ́ wọn jinlẹ̀. Gbogbo ìgbà ni Olúbọ̀wálé ń sọ lọ́kàn pé òun á fún nọ́ọ̀tì náà tí òun bá tún padà wá.

Lọ́jọ́ orin náà, Èjìgbò ni Olúbọ̀wálé ti lọ ṣiṣẹ́ nígbà tí ìjì jà. Bàbá ti fa àga rẹ̀ sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó kù díẹ̀ kí imú rẹ̀ kàn án. Dúdú nìkan ló wà lójú tẹlifíṣọ̀n náà. Nígbà tí Olúbọ̀wálé sáré dé, eriali ti dojú bolẹ̀, orin ti parí, Bàbá ṣì jókòó síbẹ̀.

Morọ́lá wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun tó fi darí orin.

“Ṣé wọ́n kọrin dáadáa?” Bàbá bi í.

Olúbọ̀wálé dọ̀bálẹ̀. “Èmi ni, sà. Mi ò fún nọ́ọ̀tì eriali pinpin. Mo fẹ́ kí ẹ máa pè mí padà ni.”

Morọ́lá kọjú sí i.

“Tí o bá kanlẹ̀kùn lásán, ṣé a ò ní ṣí i fún ẹ ni?”

Olúbọ̀wálé gun òrùlé, ó fún nọ́ọ̀tì náà títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Ṣùgbọ́n Morọ́lá kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tún ètò ọ̀hún gbé sáfẹ́fẹ́, ojú Bàbá ti fọ́ pátápátá. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n pe Olúbọ̀wálé.

“Jókòó tì mí. Mò ń gbọ́ orin. Sọ ohun tí o rí.”

“Funfun ni wọ́n wọ̀, sà. Ọ̀kan wà níwájú, okùn bàtà ẹ̀ ti tú. Morọ́lá gbọ́wọ́ sókè…”

“Ojú ẹ̀ ńkọ́?”

“Ó bojú wẹ̀yìn, sà. Bí ẹni tó ń wá yín.”

Morọ́lá, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, gbé omi wá fún Olúbọ̀wálé.

“Mo ti dárí jì ẹ́,” ó rọra sọ. “Àmọ́ ó ṣì ń dùn mí.”

“Ó ń dun èmi náà.”

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, ọkọ ìyàwó ò dúró níwájú pẹpẹ. Ẹ̀gbẹ́ Bàbá ló jókòó sí nígbà tí àbúrò Bàbá ń mú ìyàwó wọlé.

“Ó ti wọlé, sà. Ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín.”

“Ṣé ó ṣì ń wá mi?”

“Rárá, sà. Ó ti rí yín.”