Ẹ̀rí Tí Shelby Jẹ́ Lórí Òfin Ìbọn

"Má pè é ní bàbá arúgbó o," ni Ọ̀gbẹ́ni Hollis wí. "Ṣáà sọ pé ọkùnrin kan. Kí wọ́n fúnra wọn máa ro bó ṣe rí."

Shelby Krantz, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mi orí pé òun gbọ́. Wọ́n dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Denver. Àbádòfin kan wà nílẹ̀ tó fẹ́ fòpin sí títa ìbọn tó máa ń ti ọta mìíràn bọ ẹnu fúnra rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Colorado. Wade, bàbá Shelby, ní irú ìbọn bẹ́ẹ̀, inú sì ń bí i. Hollis ni olórí ẹgbẹ́ àwọn oníbọn ìlú wọn, òun ló sì ní kí Shelby wá jẹ́rìí ta ko àbádòfin náà.

"Ṣé kí n sọ pé ó mú ọ̀bẹ dání?" ni Shelby béèrè.

"Ṣé o rí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì?"

"Rárá. Ilẹ̀ ti ń ṣú."

"Ó tán nìyẹn. Ó lè mú un dání."

Shelby wo ojú bàbá rẹ̀. Bàtà ara rẹ̀ ni ìyẹn ń wò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an kò ju báyìí lọ. Bàbá Pruitt, aládùúgbò wọn tí ọjọ́ ogbó ti jẹ́ kó máa gbàgbé nǹkan, ló ṣìnà dé ẹnu ọ̀nà wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tó ń lu ilẹ̀kùn, tó ń pe ìyàwó rẹ̀ tó ti kú. Shelby nìkan ló wà nílé. Ẹ̀rù bà á, ó gbé ìbọn bàbá rẹ̀, ó nà án sójú fèrèsé. Nígbà tó dá bàbá náà mọ̀, ó gbé ìbọn sílẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ó po ṣokoléètì gbígbóná fún un, ó sì tẹ Lorna, ọmọ bàbá náà, láago.

Níwájú àwọn aṣòfin, bàbá arúgbó di olè lẹ́nu Shelby, ọ̀bẹ sì yọ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn oníbọn pàtẹ́wọ́ fún Shelby. Hollis ra písà fún gbogbo wọn. Ọ̀rá ń kán sí àgbọ̀n rẹ̀ bó ṣe ń sọ pé, "Ẹ rí bí ohùn rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n? Ó dùn mọ́ mi." Òórùn oúnjẹ náà kọ Shelby lára. Kò lè jẹ ẹ́.

Fídíò ẹ̀rí náà, tí wọ́n gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti délé ṣáájú wọn. Gbogbo àdúgbò ló sì mọ ẹni tó wá lu ilẹ̀kùn àwọn Krantz. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, àwọn ọmọkùnrin kíláàsì Shelby da pàǹtírí sí ẹnu ọ̀nà Bàbá Pruitt, wọ́n sọ ẹyin lu fèrèsé rẹ̀, wọ́n sì tọ̀ sára ilẹ̀kùn.

"A ti bá ẹ gbẹ̀san lára olè ẹ," ni ọ̀kan nínú wọn sọ fún un níléèwé, ó ń rẹ́rìn-ín.

Shelby lọ sílé Bàbá Pruitt. Bàbá náà ń fi apá ẹ̀wù rẹ̀ nu ẹyin tó ti gbẹ mọ́ gíláàsì. "Shelby, ta ló ń bínú sí mi?"

Lorna jáde. "Dádì, ẹ má bá a sọ̀rọ̀." Ó kọjú sí Shelby. "O fún un ní ṣokoléètì lọ́jọ́ yẹn, mo sì dúpẹ́. Kúrò lójú mi báyìí."

 Ara Shelby fúnra rẹ̀ ló ń rí i lára.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tún jókòó, ó ní kí bàbá òun gbé òun padà lọ. Ó sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí fún àwọn aṣòfin.

"O ti tà wá, ọmọ burúkú yìí," ni Hollis ń kùn sí i létí.

Obìnrin kan láti ẹgbẹ́ tó fẹ́ òfin náà sáré wá, ó ń fi báàjì wọn há a láyà. "Ọ̀dọ̀ wa ló yẹ ẹ́, ọmọ mi. Ṣáà sọ fáwọn oníròyìn pé díẹ̀ ló kù kí o yin bàbá náà níbọn. Kí o sunkún díẹ̀ sí i."

"Mi ò tiẹ̀ fọwọ́ kan ibi tí wọ́n fi ń yìn ín."

"Ta ló fẹ́ mọ̀?"

Shelby yọ báàjì náà, ó fi lé e lọ́wọ́. Obìnrin náà àti Hollis, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú Shelby.

Wade bá dìde, ó lọ síbi ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Mi ò fẹ́ òfin yìí tẹ́lẹ̀, mi ò sì tíì fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ irọ́ tí ọmọ mi ń pa, mo dákẹ́ torí pé ó wúlò fún mi. Ohun tí mo ṣe yẹn ń rí mi lára." Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́.

Kí wọ́n tó délé, Lorna ti kó bàbá rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Shelby fọ ilẹ̀kùn ilé òfìfo náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tí yóò gbà á wọlé mọ́.

Àwọn aṣòfin ṣì ń jiyàn. Kálukú ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò tirẹ̀ níwájú wọn, ṣùgbọ́n òótọ́ ló yẹ kó bá wọn sọ. Ìbọn kò ṣe Bàbá Pruitt ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu Shelby ló lé e kúrò nílé rẹ̀.