Páìpù Tí Jàmíù Yan Lórí Sítóòfù

Inú gbogbo ilé dùn lọ́jọ́ tí Ọládépò gbé hítà omi wá fún ìyá rẹ̀, Alhaja Marufat, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọyẹ́ ti mú, omi tútù sì ti sọ àlùwàlá di ìyà fún ìyá náà.

Ìṣòro kan ló wà. Bàbà ni páìpù tó jáde lára hítà, ike sì ni páìpù inú ilé. Wọ́n pe Jàmíù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Ọládépò, tó ń ṣe iṣẹ́ páìpù. Ó tan sítóòfù, ó yan ẹnu ike náà títí ó fi dẹ̀, ó tì í wọ orí bàbà, ó fi gọ́ọ̀mù sí i, ó sì fi rọ́bà táyà dì í.

"Ó ti parí. Ẹ máa lò ó."

Dámisí, ayálégbé wọn tó kọ́ iṣẹ́ páìpù ní Ògbómọ̀ṣọ́, yọjú sí bálùwẹ̀, ó sì mi orí.

"Bọ̀ọ̀dá Ọládépò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tan hítà yìí. Ohun tí iná sítóòfù dẹ̀, omi gbígbóná á tún dẹ̀ ẹ́."

"Ṣé kí n wá ní kí ẹ̀gbọ́n mi tú iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni? Kí ni ẹbí máa sọ? Kí wọ́n tó bí ẹ ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, Dámisí. Fi wá sílẹ̀ jàre."

Dámisí padà sí yàrá rẹ̀, Ọládépò sì tan hítà. Ohun kan wà tó máa ń bí èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí nínú: a ó mọ̀ pé iṣẹ́ kò dára, a ó sì gbà á nítorí pé ẹbí ló ṣe é.

Ní ọjọ́ kẹrin, Alhaja bẹ̀rẹ̀ sídìí ẹ̀rọ omi ní bálùwẹ̀ láti ṣe àlùwàlá ìrun alaásárì. Ike yọ kúrò lórí bàbà. Omi híhó dà sí wọn lọ́wọ́ ọ̀tún, láti ìgúnpá dé ọmọ ìka. Dámisí ló kọ́kọ́ gbọ́ igbe wọn. Ó pa iná hítà, ó ń da omi tútù tó mọ́ sí ọwọ́ náà. Ọládépò ń wá epo pupa tí yóò fi pa á.

"Ẹ gbé epo yẹn sọnù! Ọsibítù ni ká máa lọ!" ni Dámisí kígbe.

Nígbà tí wọ́n dé láti ọsibítù, Ọládépò bèèrè ohun tó bàjẹ́.

"Ẹ wo bàbà yìí," ni Dámisí wí. "Ó mọ́ tónítóní. Gọ́ọ̀mù ike kì í mú bàbà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì onísíkírù, ìsopọ̀ bàbà kékeré tó ní ojú síkírù, ló yẹ kí wọ́n fi iná jó mọ́ bàbà, kí wọ́n jẹ́ kó tutù, kí wọ́n wé tépù tí kì í jẹ́ kí omi jò mọ́ ojú síkírù, kí wọ́n tó wá dè é mọ́ ike. Ike tí wọ́n ṣe fún omi gbígbóná sì ni kó jẹ́, kì í ṣe èyíkéyìí. Kò tún gbọdọ̀ sún mọ́ hítà. Ẹ jẹ́ kí bàbà jáde tó ìgbọ̀nwọ́ kan kí ike tó bẹ̀rẹ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ gbogbo èyí lọ́jọ́ náà?"

"Ẹ ò jẹ́ kí n sọ ọ́, sà."

Ọwọ́ náà san, ṣùgbọ́n àwọn ìka lẹ̀ mọ́ra wọn. Ọwọ́ òsì ni Alhaja fi ń jẹun báyìí, ìtìjú kì í sì í jẹ́ kí wọ́n jẹun níwájú àlejò. Jàmíù gbé ọsàn wá kí wọn.

"Ẹ kú ewu, mà. Àmúwá Ọlọ́run ni."

"Ọlọ́run kọ́ ló yan páìpù, Jàmíù."

Ẹ̀yin ará, bí bàbà àti ike bá pàdé nínú ilé yín, ẹ bèèrè ohun tí wọ́n fi so wọ́n pọ̀ kí ẹ tó tan hítà. Bí oníṣẹ́ bá ní iná ni òun fi dẹ ike náà, ẹ ní kó tú u lójú yín, kódà bó jẹ́ ọmọ ìyá yín.