Àyè Kan Lára Ẹ̀gbà Ọrùn Ìyàwó

"Ṣé aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ìyá àgbà rẹ lo máa wọ̀ wá síbi àríyá ìdágbére?" Vesela bi Kalina. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, Kalina ṣí àpótí Radka, ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà, ó tú owó fàdákà Róòmù kan kúrò lára ẹ̀gbà ọrùn ìyàwó. Nínú oko àjàrà wọn lẹ́bàá odò Dánúbù ni bàbá Radka ti tulẹ̀ kàn án. Orí ọba wà lójú kan. Lójú kejì, obìnrin kan di òdòdó mú, ó ká etí aṣọ sókè bí ẹni tó ń yára lọ pàdé èèyàn. Ìrètí ni àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń pè é. Kò sí ìyàwó nínú ẹbí náà tí kò tẹ àtàǹpàkò mọ́ ọn kó tó jáde nílé.

Kalina tà á fún ọkùnrin kan tó ń ra ohun àtijọ́, ó fi ra aṣọ búlúù. Vesela fúnra rẹ̀ yin aṣọ náà.

Lóṣù Kẹjọ, Ginka, ẹ̀gbọ́n Radka, wá gba ẹ̀gbà náà fún ìgbéyàwó ọmọ-ọmọ rẹ̀.

"Radka, obìnrin wa dà?"

Radka wo Kalina. Kalina ń wo ilẹ̀.

"Mo tà á, ẹ̀gbọ́n mi. Oògùn mi ti wọ́n jù."

"O ò lè wá bá mi? Àbí mo ti kú?"

"Ẹ má bínú."

"Má wá síbi ìgbéyàwó wa."

Nígbà tí Ginka lọ tán, Kalina bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Ìyá àgbà, kí ló dé tẹ́ ẹ fi gbà á sórí ara yín?"

"Mo rò pé wàá já mi nírọ́ ni."

Ilé mẹ́rin péré ló wà láàárín wọn àti Ginka. Ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan ni Kalina ń dé ẹnu géètì rẹ̀, tí ìtìjú á dá a padà. Lẹ́yìn ìkórè àjàrà, Radka kú. Ginka ò yọjú síbi ìsìnkú.

Lógójì ọjọ́, Kalina gbé àlìkámà sísè tí wọ́n fi ń rántí òkú lọ bá a, ó sì jẹ́wọ́.

Ginka gbé àwo náà lé orí tábìlì, kò tọ́ ọ wò. "Bó o bá sọ fún mi nígbà tó wà láyé, màá sáré lọ bá a. Ta ni kí n wá lọ bẹ̀ báyìí?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Ó lé e bá lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó ń retí rẹ̀ ti wọlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá ṣẹ̀, ẹ tètè jẹ́wọ́ nígbà tí ẹni tó ń jìyà yín ṣì lè gbọ́.