A Kì í Kọ Ẹ̀yìn sí Òkun

"Antía, ṣé òkun lò ń wò àbí ojú sánmà?"

Dosinda, ìyá rẹ̀, ló pariwo bẹ́ẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àpáta. Ó ń fi irin ha percebes, ẹran òkun tó rí bí ìka arúgbó, kúrò lára òkúta. Okùn wà ní ìbàdí rẹ̀, Bàbá Suso, àgbà apẹja tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, sì di ìdí okùn náà mú lókè.

"Òkun ni mò ń wò, Màmá!"

Iṣẹ́ Antía kò ju ìyẹn lọ: kí ó kọjú sí òkun, kí ó sì ké "Ìgbì!" tí èyí tó lágbára bá ń bọ̀. Ní etíkun Galísíà tiwa yìí, ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, ọmọdé pàápàá mọ̀ pé a kì í kọ ẹ̀yìn sí òkun. Àmọ́ Hugo, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ti wá lo ìsinmi Kérésìmesì láti Madrid, ó sì dúró pẹ̀lú fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwókù ilé róbótó tí àwọn ẹ̀yà Kẹ́líìtì ayé àtijọ́ kọ́ sórí òkè.

Lánàá ni Hugo ń fi percebes ṣe yẹ̀yẹ́. "Èékánná èṣù lẹ̀ ń jẹ níbí!" Nígbà tó tọ́ ọ wò, ó jẹ ẹ́ tán pátá. Bàbá Suso ní, "Ará Madrid, o ò kúkú jẹ àwo mọ́ ọn."

"Antía!" Hugo pè é. "Yíjú síbí jàre. Ìgbì tó wà lẹ́yìn ẹ yẹn á dùn nínú fọ́tò."

"Mi ò lè yíjú."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré! Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń retí fọ́tò ẹ. Mo ti sọ fún wọn pé àbúrò mi kì í ṣe ojo, àbí ojo ni ẹ́?"

Antía kò fẹ́ kí àwọn ọmọ ìlú ńlá pè é ní ará oko. Ó yíjú, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ìró omi ló gbọ́. Nígbà tó máa fi wẹ̀yìn, ìgbì ti gbá ìyá rẹ̀ kúrò ní ìsàlẹ̀ àpáta. Bàbá Suso ti wà lórí eékún, okùn ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ bá mi fà á o!" Antía àti Hugo sáré dì í mú, wọ́n fà á títí àtẹ́lẹwọ́ wọn fi bó. Ìgbà tí Dosinda fi jáde, ẹ̀jẹ̀ ti bo ojú rẹ̀, apá rẹ̀ sì ti kán. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Ní ilé ìwòsàn, Hugo ń sunkún, ó sì pa fọ́tò náà rẹ́. Antía kúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn.

"Màmá, mo yíjú."

"Mo mọ̀. Mo ń dúró de ohùn ẹ, mi ò gbọ́ ọ."

 Ọ̀rọ̀ yẹn dun Antía ju ẹgba lọ. Ọbẹ̀ ewé àti ọ̀dùnkún ni wọ́n fi ṣe Kérésìmesì, nítorí kò sẹ́ni nílé wọn tó lè sọ̀ kalẹ̀ lọ ha percebes. Ní etíkun, ẹnikẹ́ni kò bú Antía, àmọ́ gbogbo wọn ń dákẹ́ tó bá ti dé.

Nígbà tí apá Dosinda san, ó tún so okùn mọ́ ìbàdí.

"Dosinda, jẹ́ kí Uxía ọmọ mi bá ọ ṣọ́ òkun," ni Bàbá Suso wí.

"Antía ni yóò ṣọ́ mi."

"Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn?"

"Nítorí ẹ̀ ni. Uxía tiyín kò tíì rí mi nínú omi rí."

Omijé dé ojú Antía, àmọ́ kò gbé ọwọ́ láti nù ún, torí ẹni tó ń nujú kò lè ríran. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tí a bá fi ẹ̀mí ẹlòmíràn sí níkàáwọ́, kò gbọdọ̀ tìtorí ìyìn ọ̀rẹ́ gbójú kúrò lára rẹ̀, nítorí ọ̀rẹ́ á padà sílé, àbámọ̀ ni yóò kù.

Omi wú nítòsí àpáta.

"Ìgbì! Màmá, ẹ gòkè!"

Dosinda gbọ́ ọ, ó sì gòkè.